Ibi tí wọ́n ti ń ta Whot ní Ìkòròdú, àti ìwé ara ògiri wọn lórí ọ̀rọ̀ gbígbàgbé

Àwọn èèyàn ń bi mí nípa ibi tí mo máa ń wà lọ́sàn-án Sátidé, ṣọ́ọ̀bù gémù tó wà lẹ́yìn Ṣábọ̀ níbí ní Ìkòròdú, lókè ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe, pé ṣé lóòótọ́ ló dáa àbí ariwo lásán ni. Ó dáa. Àmọ́ kì í ṣe nítorí ohun tẹ́ ẹ rò. Kì í ṣe nítorí fáànù wọn o, fáànù mẹ́ta ló wà níbẹ̀, méjì ló ń ṣiṣẹ́, ẹ̀kẹta kàn ń wò wá níran. Kì í ṣe nítorí mọ́ínmọ́ín tí ìyá kan ń tà nísàlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mọ́ínmọ́ín yẹn fúnra ẹ̀ tó ohun téèyàn ń torí ẹ̀ wọ kẹ̀kẹ́. Owó tí wọ́n ń fún ẹni tó bá ṣe ipò kìíní nínú ìdíje Whot wọn náà ò tó nǹkan, ẹ má rò pé ẹ máa fi san owó ilé. Ìwé kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n fi náílọ̀n bò ó kó má baà ya, ìwé yẹn ló ń mú mi lọ. Bí wọ́n ṣe máa ṣe é tí ẹnì kan bá gbàgbé iṣẹ́ káàdì tó jù sílẹ̀ ló wà nínú ẹ̀.

Ẹni tó bá ti ta Whot rí nílẹ̀ yìí mọ̀ pé ibẹ̀ yẹn gan-an ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. O ju 2 sílẹ̀, ọ̀rọ̀ Arsenal ti gba gbogbo yín lọ́kàn, ẹni tó kàn ò pick two, kò mú káàdì méjì tó yẹ kó mú, ó kàn ju tiẹ̀ lé e, ẹni kẹta náà jù, ìgbà tó fi máa yí dé ọ̀dọ̀ ẹ lo wá pariwo pé háà, pick two mi dà? Kí la máa ṣe báyìí? Nílé tiwa, ẹni tí ohùn ẹ̀ bá ròkè jù ló máa jàre. Nílé bàbá ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìgbógbó, ẹni tó bá dàgbà jù ló máa jàre, ìdí nìyẹn tí bàbá yẹn ò fi pàdánù rí.

Fún àwọn tó ti pẹ́ tí wọ́n fọwọ́ kan káàdì, bó ṣe ń lọ nìyí: 1 ni hold on, o máa tún jù, 2 ni pick two, 5 ni pick three, 8 ni suspension, ẹni tó kàn máa jókòó síbẹ̀ láìjù, 14 ni general market, gbogbo àwọn yòókù máa lọ mú ọ̀kọ̀ọ̀kan ní market, ìyẹn káàdì tó ṣẹ́ kù tá a kó jọ sílẹ̀, ìwọ á sì tún jù, 20 ni Whot fúnra ẹ̀, o máa sọ àmì tó o need lára káàdì tí wọ́n máa jù tẹ̀ lé e. Tó bá ku ẹyọ kan lọ́wọ́ ẹ, o gbọ́dọ̀ pe last card, tó o bá tán o pe check up. Òyìnbó kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Henry Storey, ló ṣe Whot jáde ní 1935, àmọ́ bá a ṣe ń fi ariwo ta á níbí yìí, tiwa ni, mi ò rò pé bàbá yẹn máa mọ̀ ọ́n tó bá jókòó sáàárín wa.

Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yẹn, nǹkan téèyàn lè gbàgbé ni gbogbo ẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ló sì ní bó ṣe ń ṣe é, èyí kì í fa wàhálà tó bá jẹ́ ìdílé nìkan ló ń ta á, àmọ́ tó bá ti di pé àwọn èèyàn san owó kí wọ́n tó jókòó, tí ẹni yìí wá láti Ìjẹ̀dẹ́, tí tọ̀hún wá láti Agríkì, ẹ gbọ́dọ̀ ní nǹkan tẹ́ ẹ jọ fẹnu kò lé lórí.

Ìwé ara ògiri yẹn ò gùn. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé káàdì tó bá máa ṣe ọ́ lóore, ìwọ tó jù ú ni kó o rántí ẹ̀. Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ta ò ní láti rán ẹ létí. Tó o bá ju 2, ìwọ ni kó o jẹ́ kó yé ẹni tó kàn pé pick two ni, tí ẹni yẹn bá ti jù tí ẹni tó tẹ̀ lé e náà sì ti jù, ó ti lọ nìyẹn, má pariwo. Hold on náà bẹ́ẹ̀, tó o bá ju 1 tó o wá jókòó tẹtẹrẹ tí ẹnìkejì fi jù, ìwọ lo fi tìẹ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀ lórí èyí tí kò ṣe ọ́ lóore, ìyẹn last card. Èyí yàtọ̀ pátápátá, torí pé tó o bá gbàgbé ẹ̀, ìwọ náà ló ń jèrè ẹ̀, àwọn yòókù ò ní mọ̀ pé o ti fẹ́ tán. Ìyẹn ni wọ́n fi ní tí wọ́n bá mú ẹ, o máa pick two. Ẹni tí wọ́n bá wá ti sọ fún pé pick two, tó gbọ́, tó ń ṣe bí ẹni tí ò gbọ́, wọn ò kà á sí gbígbàgbé rárá. Olè nìyẹn, ilé ló máa bá lọ, wọn ò sì ní dá owó ẹ̀ padà.

Bọ̀ọ̀dá tó ni ibẹ̀ ò purọ́ fún wa o, ó ní òun kọ́ lòun dá a rò. Ó ní inú Magic: The Gathering lòun ti rí i. Ìyẹn ni gémù káàdì tí Richard Garfield ṣe, tí iléeṣẹ́ Wizards of the Coast gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1993, káàdì ẹ̀ pọ̀ ju ti Whot lọ fíìfíì, ọ̀rọ̀ sì máa ń wà lára káàdì kọ̀ọ̀kan. Àwọn iṣẹ́ kan wà tí káàdì máa ń ṣe fúnra ẹ̀ tí nǹkan kan bá ti ṣẹlẹ̀, trigger ni wọ́n ń pè é, èèyàn sì máa ń gbàgbé ẹ̀ gan-an ni, torí nǹkan tó wà nílẹ̀ lè pọ̀. Àwọn adájọ́ wọn wá ní ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ lé nínú àwọn kọ̀mpítíṣọ̀n tó le, odidi apá kan nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ trigger tí wọ́n gbàgbé ló dá lé lórí. Láyé àtijọ́, àwọn méjèèjì tó ń ta á ni wọ́n jọ ní iṣẹ́ náà lọ́rùn, kò sí pé tìẹ ni àbí tèmi ni. Láti 2012 ni wọ́n ti yí i padà, pé ẹni tó ni káàdì ni kó rántí, ẹni tó jókòó níwájú ẹ̀ lè sọ tó bá wù ú, tí kò bá sì wù ú kó dákẹ́. Tí wọ́n bá rántí ẹ̀ tí kò tíì pẹ́ jù, ẹni tó jókòó níwájú yẹn ni wọ́n máa bi pé ṣé kó ṣẹlẹ̀ àbí kó máa lọ. Rẹfirí tó dúró tì wọ́n tó rí i náà máa dákẹ́ ni, àfi tó bá jẹ́ èyí tó máa pa ẹni tó ni ín lára ló gbàgbé, ìyẹn ni wọ́n ń fún un ní ìkìlọ̀ lé lórí. Ẹni tó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé tiẹ̀, olójóóró ni wọ́n kà á sí, wọ́n á lé e jáde.

Ẹ wá wo last card nínú ìyẹn. Ohun kan náà ni. Èyí tó bá máa ṣe ọ́ lóore tó o gbàgbé, ìyà ẹ̀ ti jẹ ọ́, kò sídìí láti tún fi nǹkan kún un. Èyí tó bá máa dùn ọ́ tó o wá ń gbàgbé ẹ̀ lemọ́lemọ́, hẹn, ó yẹ ká fojú ṣọ́ ẹ.

Mo kọ́kọ́ rò pé ìwà ìkà ni o, ká máa rí i pé èèyàn gbàgbé nǹkan ká dákẹ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni pé tí owó bá bọ́ lápò ẹni tó ń lọ níwájú ẹ, o máa pè é padà ni. Mo sọ ọ́ fún bọ̀ọ̀dá yẹn pé "Ẹ̀gbọ́n, èyí ò wá le jù ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa, ká ní dandan ni kí n rán ẹ létí. Mi ò wá rán ẹ létí. Báwo ni rẹfirí ṣe máa mọ̀ bóyá mo rí i tí mo dákẹ́, àbí èmi gan-an ò rí i?" Mi ò rí nǹkan kan sọ. Torí tẹ́ ẹ bá rò ó dáadáa, rúùlù tó bá ní kí ẹnìkejì máa ránni létí, ọkàn èèyàn ló fẹ́ kí rẹfirí máa wò, ta ló lè wo ọkàn? Gbogbo ẹni tó bá lajú dáadáa sí tábìlì ni wọ́n máa pè ní olè, ẹni tó ń sùn lórí káàdì ni wọ́n á máa pè ní ọmọlúàbí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, èmi ni màá máa ta tèmi, èmi náà ni màá tún máa bá ẹ ta tìẹ? Rárá o. Rírántí wà lára ohun tá à ń díje lé lórí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàánú kó ṣàánú, ìwé yẹn ò ní kó má ṣe é, àwọn kan sì máa ń ṣe é, pàápàá tó bá jẹ́ ọmọdé ni wọ́n jọ wà nídìí ẹ̀.

Ibi tí mo ti wá gbà pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ni ọjọ́ tí màmá kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, àti ọmọ yunifásítì kan jọ wà lórí tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́rin. Màmá yẹn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ju 14 sílẹ̀, wọn ò sọ general market, wọ́n kàn fi ìka kan market lẹ́ẹ̀mejì, kó kó. Àwọn méjì tó kù mú tiwọn. Ọmọkùnrin yìí ń to káàdì ọwọ́ ẹ̀, kò mú, màmá tún jù, òun náà ju tiẹ̀ lé e. Ni màmá bá ní "Ọmọ mi, o ò tíì lọ market o." Ó ní "Ẹ má bínú mà, ẹ ò pè é." Ariwo bẹ̀rẹ̀. Rẹfirí (ọmọbìnrin kékeré kan ni o, kò ju ogún ọdún lọ lójú mi, àmọ́ kì í fọ̀rọ̀ ṣeré) ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́, ó ní kí màmá rojọ́, ó ní kí ọmọkùnrin náà rojọ́, torí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ó wá bi àwọn méjì tó mú káàdì pé kí ló jẹ́ kí wọ́n mú un. Wọ́n ní àwọn rí ìka màmá. Ó parí. Ó ní ìwé ò sọ pé kéèyàn pariwo, ohun tó sọ ni pé kéèyàn jẹ́ kó hàn pé òun rántí. Káàdì tí ọmọkùnrin náà jù dúró síbẹ̀, àmọ́ ó lọ mú ọ̀kan ní market. Màmá ní "Ó ju ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ń nàka sí bọ́ọ̀dù, kò sí ọmọ tó sọ pé òun ò rí i." Gbogbo ilé wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín, ọmọ yẹn náà rẹ́rìn-ín.

Bó ṣe rí nínú Magic náà nìyẹn, kò pọn dandan kó o kígbe, kí nǹkan náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lórí tábìlì ni kó o ti fi hàn pé o mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ohun tó sì wù mí jù nínú ìdájọ́ yẹn ni pé kò tú gbogbo gémù palẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n á ní kí gbogbo yín kó káàdì padà, ta ló ju kí ni, ta ló mú kí ni, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè tò ó padà bó ṣe wà.

Nǹkan kan tí mo ṣàkíyèsí ni pé àwọn ọmọ tó fi fóònù kọ́ Whot ló máa ń gbàgbé jù. Ẹ̀bi wọn kọ́. Whot orí fóònù, tí wọ́n bá ju 2 fún ẹ, fóònù fúnra ẹ̀ ló máa kó méjì sí ẹ lọ́wọ́, kò ní bi ẹ́. Magic tó wà lórí fóònù, Arena, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe, trigger máa ń jáde fúnra ẹ̀ ni. Ọmọ tó ti na gbogbo ayé lórí fóònù á wá dé ibí, á ju 8 sílẹ̀, á wá máa wo ojú wa, ó ń retí kí tábìlì ṣe é fún òun. Tábìlì kì í ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Ó dáa, mo ti yìn wọ́n tó, ẹ jẹ́ n sọ ibi tí ò tẹ́ mi lọ́rùn. Last card wọn ò ní gbèdéke. Ìwé sọ pé tí wọ́n bá mú ẹ, o pick two, kò sọ ìgbà tí wọ́n lè mú ẹ mọ. Àwọn ọlọ́gbọ́n àyínìke kan ti rí ihò yẹn. Ẹnì kan máa gbàgbé, wọ́n á rí i lójú ẹsẹ̀, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á jẹ́ kó yí ká, ìgbà tó bá ti fẹ́ ju èyí tó kẹ́yìn tó ti ya ẹnu láti pe check up ni wọ́n á wá sọ pé "o ò pe last card!" Kí nìyẹn? Ṣebí ìwé yẹn kan náà ló ní pick two máa ń lọ tí ẹni méjì bá ti jù lé e, kí ló dé tí last card kì í lọ? Ẹ wo Uno, gémù káàdì míì tó jọ Whot, òun náà ní tiẹ̀, tó bá ku ẹyọ kan lọ́wọ́ ẹ tó ò pe Uno, káàdì méjì lo máa mú, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ mú ẹ kí ẹni tó kàn tó bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀. Tó bá ti kọjá, ó kọjá nìyẹn. Èyí ló dáa jù lójú tèmi. Mo ti sọ fún bọ̀ọ̀dá, ó ní àwọn máa wò ó, ẹ̀yin náà ẹ bá mi sọ ọ́ tẹ́ ẹ bá débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn òǹwòran ni mo tún fẹ́ kí wọ́n bá wa dá sí. Ẹ mọ Ìkòròdú, òǹwòran ló mọ gémù ju ẹni tó ń ta á lọ. Ẹni tó gbé mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ lẹ́yìn ẹ ló máa sọ pé "ó ti gbàgbé last card o!" rẹfirí á sì gbà á. Kò dáa. Tó bá jẹ́ pé ẹni tá a jọ ń ta ò rí i, kí ló kan ẹ? Tó o bá rí ojóóró, lọ pe rẹfirí lọ́tọ̀, sọ fún un, ìyẹn dáa, àmọ́ kó o máa bá ẹlòmíì rántí, o ti di ẹnì karùn-ún lórí tábìlì nìyẹn, o ò sì san owó.

Suspension náà ṣì rú mi lójú. Tí mo bá ju 8, tí ẹni tó yẹ kó jókòó wá gbàgbé tó jù, ta ló gbàgbé níbẹ̀, èmi àbí òun? Mo ti rí i tí rẹfirí kan ní èmi ni, torí èmi ni mo ni 8, òmíì ní kí ẹni yẹn kó káàdì ẹ̀ padà. Ìdájọ́ méjì lábẹ́ òrùlé kan. Wọ́n kàn nílò kí wọ́n kọ ìlà kan sí i ni, kì í ṣe iṣẹ́ ńlá.

Káàdì tí wọ́n ń tà níbẹ̀, oríṣi méjì ni, èyí tí wọ́n fi pépà ṣe àti èyí tí wọ́n fi rọ́bà bò. Ẹ ra èyí tí wọ́n fi rọ́bà bò tówó bá wà, ti pépà máa ń lẹ̀ mọ́ra tí òógùn bá ti kàn án, ẹ máa rò pé ẹyọ kan lẹ jù, méjì ló ti bọ́ sílẹ̀, ìjà mìíràn nìyẹn. Èyí tẹ́ ẹ bá rà, níbi yòówù kó jẹ́, ẹ kà á kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Mẹ́rìnléláàádọ́ta ló yẹ kó jẹ́: circle 12, triangle 12, cross 9, square 9, star 7, àti 20 márùn-ún. Mo ti ra páàkì kan lọ́wọ́ ẹnì kan lójú títì tí 20 ẹ̀ jẹ́ mẹ́ta péré, ẹni yẹn ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí. Irọ́ ni. Ní ṣọ́ọ̀bù yìí, àwọn fúnra wọn máa ń tú u kà níwájú ẹ, mo fẹ́ràn ìyẹn.

Iná ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìṣòro, wọ́n ní sólà fún gílóòbù àti fáànù, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń fi gbé fíríìjì. Àga wọn le. Ilé ìyàgbẹ́ ò ní ju kéèyàn ṣe súùrù lọ. Orin wọn máa ń pariwo jù kí gémù tó bẹ̀rẹ̀, àmọ́ wọ́n máa ń pa á tí wọ́n bá ti pín káàdì, kí wọ́n lè gbọ́ ohun téèyàn pè, èyí sì mọ́gbọ́n dání.

Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti Máìlì Twelve, BRT máa já yín sí Ìkòròdú, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ láti ibẹ̀ wá sí Ṣábọ̀. Àwọn ará Island lè gba orí omi wá sí Ẹbúté Ìpakodò. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ń ṣe é, ẹ tètè dé, torí tí tábìlì bá ti kún wọn kì í gba ẹlòmíì mọ́ títí dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ka ìwé ara ògiri yẹn kẹ́ ẹ tó jókòó o, wọn kì í gba "mi ò mọ̀" lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Títí wọ́n á fi tún ti last card yẹn ṣe, ẹ máa pè é kí gbogbo ilé gbọ́. Kẹ́ ẹ sì mú káàṣì dání, POS tó wà nísàlẹ̀ ọ̀hún, owó tí wọ́n ń gbà lórí ẹ̀ ti pọ̀ jù.